Ẹ̀rọ Omi Àdúgbò Àti Ẹni Tí Kò Gbowó

Ọmọkùnrin kan dúró nídìí ẹ̀rọ omi àdúgbò ní Mushin, fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, bàtà dídán nínú ẹrẹ̀, ó ń bi àwọn obìnrin ní ìbéèrè tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Aneesah aránṣọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, ó gbàgbé pé òun wà lórí ìlà.

"Àǹtí, Mùíz lorúkọ mi. À ń wá bí nǹkan ìlú àti nǹkan inú ilé ṣe níye lórí tó. Èló ni wọ́n máa fún yín kí ẹ tó lè wà láìsí fáànù yín fóṣù kan?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún."

"Fíríìjì ńkọ́?"

"Ìyẹn ti bàjẹ́. Ẹ gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ẹ̀rọ omi yìí ńkọ́?"

Aneesah wo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Kò sówó tí mo lè gbà. Omi gbogbo wa ni."

Lọ́sẹ̀ kejì, Mùíz tún dé ṣọ́ọ̀bù Aneesah pẹ̀lú ìbéèrè kan náà. Ó tún wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó bá a di etí aṣọ mú, ó ń pè é ní olówó ọ̀la. Ṣé iṣẹ́ ló ń gbé e wá ni, àbí òun? Ọ̀rọ̀ náà rú Aneesah lójú pátápátá.

Bàbá rẹ̀, tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní Ládìpọ̀, ní tirẹ̀ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹni tó ń díye lé ẹrù inú ilé mi, ilé yìí ló fẹ́ wó. Bi í lóhun tó ń wá."

Aneesah bi í. Mùíz kò mọ irọ́ pa. "Ọ́fíìsì ló ń dá fọ́ọ̀mù ẹ padà. Ẹni tí kò bá dárúkọ owó, fọ́ọ̀mù ẹ̀ ò wúlò."

Ojú ti Aneesah. "Kọ náírà mẹ́wàá. Ó dàbọ̀."

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò rí i. Ó rán apá ọ̀tún sí òsì lára aṣọ oníbàárà. Inú ń bí i, kò sì mọ ẹni tí inú ń bí i sí.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ó bá Mùíz lórí ìlà omi.

"Fọ́ọ̀mù dà?"

"Mo ya á. Irọ́ ni náírà mẹ́wàá yẹn. Ìwọ ni mo wá rí."

Bàbá jáde láti inú ilé tó wà nítòsí ẹ̀rọ, pákò lẹ́nu. "O tún wá díye lé ẹrù ni?"

Mùíz dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Rárá, Bàbá. Aneesah ni mo fẹ́ fẹ́."

Bàbá yọ pákò. "Tí mo bá ní kí o gbowó, kí o má débí mọ́, èló lo máa gbà?"

Mùíz kò gbórí sókè. "Bàbá, ẹ dá fọ́ọ̀mù tèmi náà padà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Dìde. Omi ti kàn yín."

Aneesah gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀rọ, Mùíz bá a dì í mú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ohun tó rú u lójú.