Àpá tí Kò Sí Nínú Fótò

"Tún etí yẹn wò, kò bá èkejì dọ́gba," ni obìnrin oníbàárà kan tó jókòó wí. Ọmọbìnrin tó ń bá a tún fótò rẹ̀ ṣe fa etí náà wọlé díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, inú obìnrin náà sì dùn dé eyín. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí ní ṣọ́ọ̀bù fótò bàbá rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, Atúnjúṣe sì ni àwọn oníbàárà sọ ọ́. Kò sí irorẹ́ tí kò lè pa rẹ́, kò sí eyín tó wọ́ tí kò lè tò. Ohun tí kò mọ̀ ni pé iṣẹ́ náà ti ń ba ojú tirẹ̀ jẹ́. Kò lè wo ènìyàn mọ́ kó má wá ohun tó yẹ kó yọ kúrò.

Ìyá bàbá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Aránṣọ ni Màmá àgbà nígbà tí ara ṣì le. Lọ́jọ́ kan, oorun gbé e lọ nídìí iṣẹ́, ó sì forí lé áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Àpá rẹ̀ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, láti etí dé àgbọ̀n. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní, "Áyọ́ọ̀nù ló fẹnu kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́, bàbá àgbà yín ò sì jowú."

Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣú, Màmá àgbà gbé agboòrùn wá fún un ní ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ rí àpá náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Lẹ́bẹ́, nítorí pé ó tín-ínrín, bi í pé, "Ìyá ẹ nìyẹn?"

"Rárá o," ló dáhùn. "Ará ilé kejì wa ni."

Nígbà tí Màmá àgbà pé ọgọ́rin ọdún, bàbá ya fótò rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ṣe ẹ̀dà kejì fúnra rẹ̀. Ó nu àpá kúrò, ó sọ irun funfun di dúdú, ó na ọrùn tó hunjọ, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìyá bàbá òun nìyí. Ó fi han Màmá àgbà pẹ̀lú. Ìyá arúgbó náà, tí ìgbàgbé ti ń dà láàmú, wò ó títí.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Ó mà lẹ́wà o. Bá mi kí i."

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nígbà òjò, Màmá àgbà jáde nílé lọ́sàn-án, kò sì padà. Bàbá wá a títí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Mú fótò Màmá jáde, ká tẹ pósítà. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé aṣọ búlúù ló wọ̀, kó o sì kọ àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀."

Fótò méjèèjì wà lójú kọ̀ǹpútà. Ó mọ èyí tó yẹ kó mú. Àmọ́ ó mọ̀ pé ògiri ilé ẹ̀kọ́ àwọn ni bàbá yóò kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́, Lẹ́bẹ́ yóò sì rí i. Ó mú èkejì. Nígbà tí àpá kò ti sí nínú fótò, kò lè kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀, ó bá fò ó. Bàbá gba pósítà, ó wò ó fìrí, ó ní ó dára. Ẹni tó mọ Màmá àgbà á rí Màmá àgbà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ló nílò àpá.

Ìdájí Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n rí i, nínú ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán lẹ́yìn ibùdókọ̀. Òjò ọjọ́ mẹ́ta ti pa á.

Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ní ibùdókọ̀ wá kí wọn. Ó jókòó, kò lè gbójú sókè.

"Ọjọ́ Ẹtì ni Màmá jókòó níwájú àtẹ mi," ló wí. "Mo fún wọn ní búrẹ́dì. Pósítà yín wà lára ògiri lẹ́yìn mi. Aṣọ búlúù bára mu, àmọ́ ojú inú pósítà ò ní àpá. Mo kà á látòkè délẹ̀, bóyá wọ́n á mẹ́nu bà á, mi ò rí i. Mo wá bi Màmá bóyá àwọn nìyí. Wọ́n ní rárá, àwọn ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó lẹ́wà, kí n bá àwọn kí i."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Mo ní kó o kọ àpá."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá kò lù ú, kò sì bú u. Ó dìde, ó wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó tilẹ̀kùn. Ìbá sàn fún ọmọ náà ká ní ó lù ú.

Fótò àkọ́kọ́ ni wọ́n gbé kọ́ síwájú ilé nígbà ìsìnkú, pẹ̀lú àpá àti ewú. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá kí i. Lẹ́bẹ́ dúró níwájú fótò náà.

"Ìyá tó gbé agboòrùn wá ọjọ́sí nìyí?"

"Àwọn ni. Ìyá bàbá mi ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́bẹ́ kàn ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́," ó sì jókòó tì í. Ìgbà yẹn ló rí i pé ohun tí òun ń sá fún kò tó nǹkan, àti pé ọ̀rọ̀ tí òun sọ yìí ì bá ti gba ẹ̀mí là ní Ọjọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Bí a ṣe rí gan-an ni àwọn tó fẹ́ràn wa fi ń wá wa rí. Ẹni tó bá fi ojú tí kì í ṣe tirẹ̀ pààrọ̀ tirẹ̀, tàbí ti ènìyàn rẹ̀, kó má yà á lẹ́nu bí wọn ò bá dá a mọ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀.

Agboòrùn Màmá àgbà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin náà kì í gbé e jáde, òjò ì báà máa pa á.