Ta Ló Ń Jí Erùpẹ̀?

Ọdún tí Ògúnsúyì fi ilẹ̀ rẹ̀ lọ́nà Ṣakí sílẹ̀ kó sinmi, ẹnì kan wọ ibẹ̀, ó gbẹ́ erùpẹ̀ lábẹ́ koríko, ó sì rù ú lọ. Ògúnsúyì tọ ipasẹ̀ olè náà dé oko Ràmọ́nì. Ó pariwo olè lé e lórí, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń jí erùpẹ̀?" Àwọn àgbà ní kó bẹ Ràmọ́nì. Ó fẹnu bẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ ò bẹ̀ ẹ́.

Látìgbà náà ló ti búra pé ilẹ̀ òun ò ní sinmi mọ́, kí olè má baà rí i gbẹ́. Ọdọọdún ni katakata ń tú u, iná ń jó o, ajílẹ̀ òyìnbó ń rọ̀ lé e lórí bí òjò. Ní báyìí, àgbàdo rẹ̀ ò ga ju orúnkún lọ, ata rẹ̀ sì rù bí aláàwẹ̀.

"Bàbá Ìdòwú," Dúróríkẹ́ ìyàwó rẹ̀ sọ fún un, "bí tọdún yìí bá tún kú, ọwọ́ Ràmọ́nì la máa lọ tọrọ ilẹ̀ o."

"Lọ́wọ́ olè? Mo kúkú máa jẹ koríko!"

"Ṣé koríko gan-an ṣì ń hù níbẹ̀ ni?"

Ọjọ́ tí Sodiqat, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àgbẹ̀, pe àwọn àgbẹ̀ jọ, Ògúnsúyì jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí Ràmọ́nì.

"Ẹ̀yin bàbá mi," ni Sodiqat wí, "olú kan wà tó kéré débi tí ojú ò lè rí i. Inú gbòǹgbò ọ̀gbìn ló ń gbé. Ó ń na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ síbi tí gbòǹgbò ò lè dé, ó ń fa omi àti oúnjẹ wá fún ọ̀gbìn. Ọ̀gbìn náà á sì fún un ní ṣúgà."

"Olú tó ń jẹ ṣúgà!" Ògúnsúyì yínmú. "Ṣé ó ń mu tíì náà ni?"

"Ìyẹn nìkan ni kì í mu, bàbá. Bí ẹ bá ń tú ilẹ̀ lọ́dọọdún, tí ẹ ń dáná sun ún, tí ẹ ń da ajílẹ̀ òyìnbó jù, olú náà á dínkù títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀."

Dúróríkẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo òkè.

"Àtúnṣe rẹ̀ ńkọ́?" Ohùn Ògúnsúyì ti rọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi. Ẹ gbin ẹ̀wà sí i, kó má wà níhòòhò. Ẹ wá bu erùpẹ̀ díẹ̀ níbi tó ti sinmi dáadáa, tí àrùn ò sí, torí olú náà ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ ibi tí ẹ ti ń hu ọmọ ata."

"Òótọ́ lọmọ yìí sọ!" Ràmọ́nì fò dìde, orí rẹ̀ ti wú. "Èmi ti dán an wò! Látìgbà tí mo ti gbẹ́ erùpẹ̀ oko Bàbá Ìdòwú, ata mi ò..."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ jù.

Ògúnsúyì rọra yí àga rẹ̀ padà. "Mi ò gbọ́ dáadáa. O gbẹ́ kí ni?"

Kí Ràmọ́nì tó dáhùn, ẹ̀yin àgbẹ̀ Òkè-Ògùn tó ń gbọ́ ìtàn yìí, ẹ má fi ìbínú tú ilẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ dín iná kù, ẹ bi òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ kí ẹ tó da ajílẹ̀ òyìnbó. Bó bá sì jẹ́ erùpẹ̀ oko ẹlòmíràn lẹ fẹ́, ẹ tọrọ.

"Erùpẹ̀ yín ni," Ràmọ́nì kùn. "Èmi ni mo jí i."

"Sọ ọ́ sókè," ni Ògúnsúyì wí, "kí àwọn àgbà tó ní kí n bẹ̀ ọ́ lè gbọ́."

"Èmi ni mo jí erùpẹ̀ Ògúnsúyì!"