Wọ́n Tilẹ̀kùn Dúró De Olúwa

Ọ̀sán Sátidé ni, ṣọ́ọ̀bù Felicia ní Deïdo sì wà ní títì. Ẹni tó bá mọ àdúgbò náà á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Sátidé ni àwọn tó ń ṣe ayẹyẹ máa ń wá ra àwo, ike àti kúlà lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò ò lè ní kó má ṣí i, àìsàn ò sì lè ní kó má ṣí i.

Díkónẹ́ẹ̀sì Goodness dúró, ó wo ágádágodo. Nọ́ọ̀sì ni, inú ìjọ kan náà ni òun àti Felicia wà. Ó yíjú sí Sandra tó ń sun ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

"Sandra, ìyá Audrey dà?"

Sandra fi pijin dá a lóhùn pé wọ́n wà nílé o. Láti Ọjọ́bọ̀ ni tọkọtaya náà ti ti ara wọn mọ́lé pẹ̀lú ọmọ wọn, wọ́n ní ayé máa parí lọ́la. Ó rẹ́rìn-ín. "Mo bi ọkọ rẹ̀ pé ṣé kí n má wulẹ̀ ra ẹja ọjọ́ Ajé mọ́. Kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Goodness náà. Lójijì ni ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó rántí Audrey.

Àtọ̀gbẹ ń bá Audrey jà láti kékeré. Irú tiẹ̀ ni èyí tí ara kì í ṣe ínsúlínì fúnra rẹ̀ rárá. Ojoojúmọ́ ló gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́. Goodness gan-an ló kọ́ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gún un.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré bó ṣe wọ ọ̀nà tóóró tó lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó kan ilẹ̀kùn wọn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún kàn án kíkankíkan.

"Ta nìyẹn?" Ohùn Ọláìtán ni, bàbá Audrey, tó ń tún firiji ṣe ní Ndogbong.

"Èmi ni, Dádì Audrey. Goodness ni."

"Ẹ má bínú sí wa, Díkónẹ́ẹ̀sì. A ò lè ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí Nóà ti wọkọ̀ tán, ta ló tún ṣí i fún?"

"Nóà kó oúnjẹ wọkọ̀ o. Ṣé ẹ̀yin náà kó o?"

"Ààwẹ̀ la wà. A ò jẹ, a ò mu, títí Olúwa á fi dé lọ́la. Wòlíì tó wá ṣe ìsọjí ní Bonabéri ló fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo wa. Ó ní ká tilẹ̀kùn, ká má ṣí i fún ẹnikẹ́ni."

"Ó dáa. Audrey ńkọ́?"

 Felicia ló dáhùn láti inú yàrá, ohùn rẹ̀ ti há.

"Ó wà nínú Ẹ̀mí, Díkónẹ́ẹ̀sì. Láti àárọ̀ ló ti wọ̀ ọ́. Ó ń mí sókè sódò bí ẹni tó sáré wá láti ọ̀nà jíjìn, bẹ́ẹ̀ orí ibùsùn ló wà. A pè é, kò fi bẹ́ẹ̀ dáhùn. Ó sì ń bì. Wòlíì ní ìwẹ̀nùmọ́ ni."

Goodness sún mọ́ fèrèsé. Ó di irin ojú fèrèsé mú.

"Mọ́mì Audrey, ẹ dákun, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"A ò gún un láti Ọjọ́bọ̀. Kò jẹ nǹkan kan, kí wá ni abẹ́rẹ́ fẹ́ ṣe? Ibo ni ṣúgà fẹ́ gbà wọ ara ẹni tó ń gbààwẹ̀?"

 Kì í ṣe pé wọ́n ju oògùn nù. Wọ́n jókòó, wọ́n rò ó, wọ́n sì fi ìfẹ́ rò ó: bí kò bá sí oúnjẹ, kò sí ṣúgà; bí kò bá sí ṣúgà, kò sí abẹ́rẹ́. Ìrònú náà gún régé, ó sì ń pa ọmọ wọn.

"Ọláìtán!"

Goodness ò pè é lórúkọ rí. Ọláìtán dàgbà jù ú lọ. 

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ firiji, ẹ dá mi lóhùn. Bí wọn ò bá kó nǹkan kan sínú firiji, tí iná sì wà, ṣé mọ́tò rẹ̀ máa dákẹ́ ni?"

"Rárá. Bó ṣófo, ó ṣì máa ṣiṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ara. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ jẹun, ẹ̀dọ̀ yín ní ṣúgà tó ti kó pamọ́, ó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì ló máa ń jẹ́ kí ṣúgà yẹn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Audrey ò ní i. Ṣúgà kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ebi sì ń pa ẹran ara rẹ̀. Kí ni ara máa wá jó? Ọ̀rá rẹ̀ ló ń jó. Tí ọ̀rá bá sì jó bẹ́ẹ̀, oró ló ń fi sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Mímí tó ń mí yẹn, kì í ṣe àdúrà. Ara rẹ̀ ń gbìyànjú láti fẹ́ oró náà jáde. Ẹ tún wá fi omi dù ú! Mọ́mì Audrey, ẹ gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Ẹ sọ fún mi bóyá kò rùn bí èso tó ti pọ́n jù."

Goodness gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Felicia, lẹ́yìn náà igbe rẹ̀.

"Jésù! Bẹ́ẹ̀ ló ń rùn!"

"Ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Ó ku ọ̀la péré," ni Ọláìtán wí, ó sì ń sunkún. "Tí a bá ṣí i báyìí, tí Olúwa wá dé ńkọ́?"

Láti orí ibùsùn, ohùn tínrín kan jáde. Audrey ò gbọ́ Yorùbá púpọ̀. Faransé ló fi ń bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Maman, de l'eau." Omi ló ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Felicia ò bi ọkọ rẹ̀ ní nǹkan kan mọ́. Ó ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò Ọláìtán, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣílẹ̀kùn. Bí Goodness ṣe wọlé, Felicia ti dé ìdí firiji, ó ti mú abẹ́rẹ́ dání.

"Ká gún un kíá!"

"Ẹ mú un dání, àmọ́ ẹ má gún un. Ẹ ò mọ ìwọ̀n tó yẹ ẹni tó ti dé ibi tó dé yìí. Ilé ìwòsàn ló kàn. Wọ́n máa fa omi sí i lára, wọ́n á sì máa fún un ní ínsúlínì díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa wọ̀n ọ́n. Ẹ má fi omi sí i lẹ́nu báyìí, kò jí dáadáa, ó lè gba ọ̀nà òdì lọ. Dádì Audrey, ẹ gbé e!"

Ọláìtán gbé ọmọ rẹ̀ dé títì. Orí Audrey ń mì léjìká rẹ̀. Sandra ti fi ẹja rẹ̀ sílẹ̀, ó ti dá táásì dúró, ó sì ń fi èébú lé àwọn èrò inú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, Dókítà Manuella bi wọ́n ní Faransé ìgbà tí ọmọ náà gba ínsúlínì kẹ́yìn. Ọláìtán ní Ọjọ́bọ̀. Dókítà náà wò ó bíi pé kò gbọ́ ọ dáadáa.

"Ọjọ́bọ̀? Ẹ̀yin òbí rẹ̀ lẹ wà ńbẹ̀?"

Felicia gbé abẹ́rẹ́ náà kalẹ̀ síwájú dókítà, dókítà sì mi orí.

"Ká ní ẹ dúró dọ̀la ni, òkú ni ẹ̀ bá gbé wá fún mi."

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Òjò rọ̀, ó dá, àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Nírọ̀lẹ́ ni Audrey lajú. Ó wo omi tó ń kán sí i lọ́wọ́, ó wo ògiri funfun, ó wo bàbá rẹ̀.

"Papa," ó ní, "le monde est fini?" Ó ń béèrè bóyá ayé ti parí.

Ọláìtán bojú, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Kò tíì nu ojú tán tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ohùn tí wòlíì náà tún fi ránṣẹ́ ni. Ó ní Olúwa ti sún ọjọ́ náà síwájú, nítorí àwọn onígbàgbọ́ kékeré kan ti ṣílẹ̀kùn. Ọláìtán gbọ́ ọ tán, ó tún un gbọ́. 

"Àwa ló ń bá wí, Felicia. Ó ní kò yẹ ká ṣí i. Kò tiẹ̀ béèrè ẹni tó wà nínú ilé."

Ó yíjú sí Goodness tó bá wọn dúró sí ilé ìwòsàn. "Ṣé irọ́ ni pé Olúwa ń bọ̀ ni?"

"Kì í ṣe irọ́. Mo ń retí rẹ̀ lójoojúmọ́. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ náà, àwọn áńgẹ́lì pàápàá ò mọ̀ ọ́n. Ta ló wá sọ fún wòlíì? Ìránṣẹ́ tó sì yìn, kì í ṣe èyí tó tilẹ̀kùn. Èyí tí ọ̀gá dé bá lẹ́nu iṣẹ́, tó ń fún àwọn ará ilé lóúnjẹ lásìkò, ni. Audrey ni ará ilé yín. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà lára oúnjẹ tí ọ̀gá fi sí yín lọ́wọ́."

Ẹ̀yin òbí àti ará ìjọ, irú ohùn bẹ́ẹ̀ lè dé orí fóònù tiyín náà. Ẹnikẹ́ni tó bá dá ọjọ́ fún bíbọ̀ Olúwa ti sọ ohun tí Olúwa ò sọ. Bó bá tún ní kí ẹ tilẹ̀kùn mọ́ àwọn ará ìjọ yín, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ ṣí i, kí ẹ pe pásítọ̀ yín.

Ẹni tó ń gba ínsúlínì ò gbọdọ̀ dá a dúró, yálà ó jẹun tàbí kò jẹun. Kó tó gbààwẹ̀ èyíkéyìí, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìwọ̀n abẹ́rẹ́ lè yí padà, àmọ́ dókítà ló ń yí i. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó ń bì, tí inú ń run ún, tó ń mí kíkankíkan, tí ẹnu rẹ̀ sì ń rùn bí èso tó pọ́n jù, ẹ má gbé e lọ síbi ìsọjí. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ní wákàtí yẹn gan-an.

Ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ rán ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹ gbàdúrà, ẹ sì lo oògùn yín. Olúwa ń bọ̀ lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kó bá ọmọ yín láàyè.