Ẹ̀rọ Kékeré Tí Bàbá Ní Kí Ó Rà

"Èwo gan-an lẹ fẹ́ nínú wọn?" Onírinṣẹ́ gbé ẹ̀rọ méjì kalẹ̀ lórí tábìlì ìsọ̀ rẹ̀, ó sì nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. "Iye kan náà ni méjèèjì. N kò tún ní í dín in mọ́."

Àbíkẹ́yìn wo àwọn ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ fáìlìn ni wọ́n, irú èyí tí àwọn tó ń jó irin fi ń gé irin, tí bàbá tirẹ̀ sì fi ń ha ara ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ike líle tí à ń pè ní fáíbà ṣe. Èkíní kéré, tòkunbọ̀ ni. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí níbi tí ọwọ́ àwọn tó kọ́kọ́ ni ín ti ń dì í mú. Èkejì tóbi, ó ń dán, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ṣì wà létí rẹ̀. "Kékeré ni kí o rà, ìyá mi. Èyí tó jẹ́ pé bí o bá tẹ súìsì rẹ̀ mọ́ ọwọ́, yóò máa ṣiṣẹ́; bí o bá tú ọwọ́, yóò kú lójú ẹsẹ̀. Kí eré rẹ̀ sì ṣeé dín kù. Bí kò bá kú nígbà tí o tú ọwọ́, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín." Bàbá kò sọ ìdí. Kì í sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún ọmọ. Bí èèyàn bá bi í, yóò ní ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí gbogbo nǹkan, ilẹ̀ yóò ṣú bá a lẹ́nu ìbéèrè.

"Kékeré yìí ni," Àbíkẹ́yìn wí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ọ̀yàyà ló tẹ̀ lé e wá láti ilé ìwé. Ó fi ìka kan gbé ẹ̀rọ kékeré náà bí ẹni gbé òkú eku. "Tòkunbọ̀ kẹ̀? Kẹ̀kẹ́ yín, tòkunbọ̀. Fáànù yín, tòkunbọ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n sọ fún wa pé inú ọkọ̀ òkun ni wọ́n ti já ìwọ náà sílẹ̀."

Onírinṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Àbíkẹ́yìn náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín o," onírinṣẹ́ wí. "Ńlá yìí lágbára jù ú lọ dáadáa. Àmọ́ bí ẹ bá tan án, súìsì rẹ̀ máa ń há síbẹ̀ ni. Àfi kí ẹ fọwọ́ tì í padà kó tó kú. Àwọn tó ń jó irin fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìka kì í ro wọ́n."

"Fáíbà ni bàbá mi fi ń ṣe."

"Ohun tó gé irin," Ọ̀yàyà dá a lóhùn, "ṣé fáíbà ni yóò wá bá a fa wàhálà? Àbíkẹ́yìn, rántí pé ojú ọ̀nà ilé ìwé ni a ó gbé e gbà kọjá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló parí rẹ̀. Àbíkẹ́yìn sanwó ẹ̀rọ ńlá.

"Bí ẹ kò bá tíì fi ṣiṣẹ́, ẹ lè gbé e padà wá," onírinṣẹ́ ké tẹ̀ lé wọn.

Bàbá rẹ̀ jókòó lórí àpótí nínú búkà pákó tó fi ń ṣiṣẹ́ létí omi. Ọkọ̀ kan wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí igi. Atukọ̀ tó ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé sọdá ló ni ín. Àpáta ló ya á lábẹ́, àwọn ọmọ tó wà lódìkejì omi kò sì lè wá sílé ìwé bí ó ti yẹ mọ́. Ní àràárọ̀ ni atukọ̀ náà ń wá dúró ti ọkọ̀ náà, tí yóò fọwọ́ pa á lára díẹ̀, tí yóò sì lọ, bí ẹni tó wá kí aláìsàn.

Bàbá wo ẹ̀rọ tí ọmọ rẹ̀ gbé wọlé. "Kékeré ńkọ́?"

"Wọ́n ti tà á, Bàámi."

Bàbá yí ẹ̀rọ náà padà, ó tẹ súìsì rẹ̀, ó gbọ́ bó ṣe há. Ó gbé ojú sókè. "Ṣé ó dá ọ lójú pé wọ́n ti tà á?"

Ẹyin ni ohùn. Àbíkẹ́yìn rí i pé èyí tó wà lọ́wọ́ òun kò tíì balẹ̀. Ó lè sọ pé, "Ẹ má bínú, Bàámi," kó sì gbé ẹ̀rọ náà padà lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Ó dá mi lójú," ló wí.

Bàbá wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì wo ọwọ́ òsì ara rẹ̀. "Ó dáa," ni ó wí. "Àwọn ọmọ ń dúró de ọkọ̀."

Ní ọjọ́ kejì, baba àti ọmọ fi aṣọ di imú àti ẹnu nítorí eruku fáíbà, tí í yúnni lára bí èèsìn. Bàbá fi ṣọ́ọ̀kì ya àmì yí ojú ibi tó ya ká, àmì náà sì fẹ̀ ju ojú ibẹ̀ lọ fíìfíì. "Fáíbà kì í ṣe irin," ó wí. "A kì í gé e bí ẹni gé ọ̀tá. Díẹ̀díẹ̀ la ń ha á, kí etí rẹ̀ tẹ́ bí etí àwo, kí fáíbà tuntun lè rí ibi sùn sí. Bí eré ẹ̀rọ bá pọ̀ jù, yóò jóná, ohun tí a bá sì lẹ̀ mọ́ ibi tó jóná, omi ni yóò ṣí i."

Ó tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ta gìrì lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹran tí kò fẹ́ okùn. Eruku funfun bo búkà. Kò pẹ́ tí Bàbá fi pa á, tó sì ń gbọn ọwọ́ òsì rẹ̀.

"Ṣé kí n bá yín mú un, Bàámi?"

"Ìdánwò rẹ kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ ka ìwé rẹ."

Ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí ìwé sórí itan. Ó gbọ́ tí ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó gbójú sókè, ó rí ọwọ́ òsì bàbá rẹ̀ tó tú. Kò jọ ọwọ́ ẹni tó ju nǹkan nù. Àwọn ìka náà kàn ṣí ni, jẹ́ẹ́, bí ìka ẹni tó sùn lọ. Ọwọ́ kan kò ká ẹ̀rọ ńlá. Ẹ̀rọ náà fì, ó fi orí sọ etí ọkọ̀, ó ta padà, ó sì gba ọrùn ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀rọ náà jábọ́, kò sì kú.

Ó ń yí lórí ilẹ̀, ó ń fa wáyà rẹ̀ kiri, ó sì bọ́ sáàárín Àbíkẹ́yìn àti ògiri tí wọ́n ki wáyà náà bọ̀. Àbíkẹ́yìn gba ọ̀tún, ẹ̀rọ yí sí ọ̀tún. Ó gba òsì, ẹ̀rọ pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti wà lórí eékún, ó há ọwọ́ mọ́ abíyá, kò ké. Àbíkẹ́yìn ló ń ké, kò sì mọ ohun tó ń wí. Ìgbà tó rápálá gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá tó fa wáyà yọ, eruku funfun ilẹ̀ ti di pupa.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n rán ọwọ́ náà. Dókítà ní ọwọ́ kò ní í lọ, ṣùgbọ́n àwọn iṣan tó ń pa ìka dé ti gé jù, kí wọ́n má retí pé yóò tún di nǹkan mú. Ìyá Àbíkẹ́yìn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí wọ́n já lókùn.

"Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ń kú lọ tipẹ́," ó wí, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀. "Láti ìgbà àìsàn tó ṣe é kẹ́yìn. Ó ń já nǹkan sílẹ̀ láìmọ̀. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹ̀yin ọmọ, pé ẹ ó ní kí òun fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń wá ẹ̀rọ tí yóò kú bí ọwọ́ bá tú. Ó mà ṣe o, tí wọ́n ti tà á."

"Màámi," Àbíkẹ́yìn wí, "wọn kò tà á."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i. Àbíkẹ́yìn ń retí ìgbátí. Ìgbátí ì bá sàn. Ìyá rẹ̀ kàn fi etí aṣọ bo ẹnu, ó sì wo ibòmíràn.

Ẹ̀rọ kékeré náà ṣì wà lórí pẹpẹ onírinṣẹ́ nígbà tí Àbíkẹ́yìn padà lọ. Eruku ti bò ó. Onírinṣẹ́ kò gba ńlá padà, nítorí wọ́n ti fi ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń jó irin ládùúgbò ló rà á ní ọ̀pọ̀, owó rẹ̀ ni Àbíkẹ́yìn sì fi kún ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láti fi ra kékeré. Ó gbé e dé búkà. Bàbá rẹ̀ wà lórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan bí ẹrù tí ẹlòmíràn fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn kúnlẹ̀. "Irọ́ ni mo pa, Bàámi. Wọn kò tà á."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ojú rẹ kò mọ irọ́ í pa. Ká ní mo ní kí o dá a padà ni, ìwọ náà ì bá bi mí ní ìdí, n kò sì fẹ́ sọ ọ́." Bàbá wo ọkọ̀ tó wà lórí igi. "Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Tan án."

Ó tẹ súìsì. Ẹ̀rọ kékeré náà kùn jẹ́jẹ́.

"Tú ọwọ́."

Ó tú ọwọ́. Ẹ̀rọ kú.

Bàbá rẹ̀ mi orí. "Èyí ni mo ní kí o rà," ó wí.

Àbíkẹ́yìn ló ha ibi tó ya lára ọkọ̀ náà, tí bàbá rẹ̀ ń fi ẹnu tọ́ ọ sọ́nà. Kò sí àkókò fún ìwé mọ́, ìdánwò náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọdún yẹn. Àwọn ọmọ tún ń sọdá omi. Ọ̀yàyà wá kí wọn lẹ́ẹ̀kan, ó sunkún. Kò rántí mọ́ pé òun sọ nǹkan kan níwájú tábìlì onírinṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà bá rán yín níṣẹ́ tí ìdí rẹ̀ kò yé yín, ẹ bi í. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ jẹ́ iṣẹ́ náà bó ti rán yín, nítorí ibi tí ara ti ń ro ó lè jẹ́ ibi tí kò lè fi hàn yín. Ẹ̀rín ọ̀rẹ́ kì í pẹ́ tán lẹ́nu. Ọwọ́ baba tí ẹ̀rọ gé kì í hù.