Ta Ló Ha Nọ́ńbà Ara Ẹ́ńjìnì?

Inú kòtò tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnì rélùwéè àtijọ́ kan nínú ṣẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti bá òkú Wilfred Oakes láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òjò ń rọ̀ ní Skelbeck, bó ti ń rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Inspẹ́kítọ̀ Muriel Hesketh dúró létí kòtò náà, ó wo ìsàlẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. Orúnkún ń ro ó. Wọ́n ní iṣẹ́ kì í pa ni. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣe ọlọ́pàá rí.

Sájẹ́ńtì rẹ̀, Colin Birtles, ti parí ìwádìí tirẹ̀ lórí ìdúró. "Bàbá yìí yọ̀ ṣubú ni, Mà. Àgbàlagbà, ilẹ̀ tó kún fún gírísì, iná tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó parí. Ẹ jẹ́ ká lọ mu tíì."

"Colin, o fẹ́ràn tíì ju òtítọ́ lọ."

"Òtítọ́ korò, Mà. Tíì ní ṣúgà."

 Muriel di àtẹ̀gùn mú, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò náà díẹ̀díẹ̀. Wilfred dojú bolẹ̀, orí rẹ̀ ti fọ́ níbi tó ti gbá etí bíríkì. Muriel fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn kóòtù rẹ̀. Nǹkan kan ń dán níbẹ̀, ó kúnná bí ìyẹ̀fun. Ó fi ìka kan án. Irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ha ni. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún òkú náà, èédú ti sọ apá aṣọ di dúdú títí dé èjìká, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí èédú nínú kòtò náà, gírísì ló wà níbẹ̀. Ẹfun ìkọ̀wé funfun kékeré kan wà nínú àpò rẹ̀.

Ó gbójú sókè. Lórí ọ̀pá irin gbọọrọ tó so àwọn kẹ̀kẹ́ ẹ́ńjìnì pọ̀, ó rí ojú ibì kan tó tó àtàǹpàkò, tó ń dán ju ìyókù lọ. Wọ́n ti fi ẹfun yí i ká, àmọ́ ààbọ̀ ẹfun náà ti nù. Ohun yòówù tó wà láàárín ẹfun yẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ha á kúrò. Wọ́n sì ti fi ọ́ìlì pa ojú ibẹ̀ fínnífínní.

"Bá mi fa ọwọ́, Colin," ló wí. "Bàbá yìí kò yọ̀ ṣubú."

Ẹ́ńjìnì náà kò tóbi. Àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ nọ́ńbà rẹ̀, Mẹ́sàn-án, sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láyé Ọbabìnrin Fitóríà ni wọ́n ti rọ ọ́. Ó fa èédú ní àfonífojì yìí títí ó fi dẹnu kọlẹ̀, ó jókòó sínú ẹ̀gún, ìpẹtà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán kí àwọn tó fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó kó ogún ọdún ayé wọn lé e lórí. Ẹnikẹ́ni kò sanwó fún wọn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé e jáde kí gbogbo ayé rí i.

Yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń mu tíì ni Muriel jókòó sí. Audrey Mossop, alága ẹgbẹ́ rélùwéè tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnì náà, ló kọ́kọ́ wọlé, aṣọ òjò rẹ̀ ń ro tótó.

"Kí ni iṣẹ́ Wilfred gan-an níbí?" Muriel bi í.

"Ìtàn ẹ́ńjìnì náà ló ń wá. Ara irin ló ti ń kà á. Àwọn tó rọ ẹ́ńjìnì láyé ọjọ́un a máa fi òòlù tẹ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ irin rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ti ọ̀kan má baà lọ sára èkejì. Bí Wilfred bá ti fọ ìdọ̀tí kúrò tó rí nọ́ńbà, á fi ẹfun yí i ká."

"Ó rí nǹkan lánàá?"

Audrey fọwọ́ nu ojú. "Ó pè mí lórí fóònù nírọ̀lẹ́. Ó ní òun ti rí òkodoro, pé apá méjì ló ní, ọ̀kan korò, ọ̀kan dùn, pé Des tó tún ẹ́ńjìnì náà ṣe ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo ní kó jẹ́ kó di lẹ́yìn ayẹyẹ. N kò tilẹ̀ bi í pé kí ni. Ẹni tó máa bá wa ṣe oúnjẹ àlejò ni mò ń wá."

"Ẹ̀yin náà kò ní fẹ́ kí nǹkan kan da ayẹyẹ yìí rú."

"Mi ò fẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni í fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ilé ara rẹ̀? Ká sọ tòótọ́, Inspẹ́kítọ̀, n kò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnì, bí wọ́n bá ní kí n nawọ́ sí iwájú ẹ́ńjìnì yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni n ó nawọ́ sí."

Lionel Frayne ló tẹ̀ lé e, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti rélùwéè tó wà lódìkejì òkè. Wọ́n ti rí ọkọ̀ rẹ̀ nítòsí lánàá. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Wọ́n ní ẹ̀yin àti olóògbé kì í rẹ́."

"Ọdún mẹ́tàlá la fi jà, Mà. Ìbejì ni ẹ́ńjìnì yìí. Mẹ́sàn-án jẹ́ ti àfonífojì yìí, Mẹ́rìnlá jẹ́ tiwa, ilé iṣẹ́ kan náà ló rọ wọ́n. Ọ̀kan ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rún irin. Àwọn ará ibí ní tiwa ló lọ, mo ní tiwọn ló lọ, mo ní Mẹ́rìnlá wa ni wọ́n kun ọ̀dà sí tí wọ́n ń pè ní Mẹ́sàn-án. Bí mo bá ti ń kọjá, mo máa ń yà wá bá Wilfred jiyàn. Lánàá, ó lé mi jáde, ó ní òun ń retí Des." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ojú. "Bá a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ta ni n ó máa bá jà báyìí?"

Muriel wò ó lọ títí tó fi jáde. Ó rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń sunkún ọ̀tá rẹ̀ báyìí, èèyàn kì í fẹ́ bi í léèrè púpọ̀.

Desmond Thirlwall, ẹni tí wọ́n ń pè ní Des, ló gbẹ̀yìn wọlé. Òun ni olórí àwọn tó tún ẹ́ńjìnì náà ṣe, ọkùnrin gíga, ọwọ́ rẹ̀ rí bí ọkọ́. Ó po tíì rẹ̀, ó nu ṣíbí gbẹ, ó sì dá a padà síbi tó ti mú un.

"Níbo lẹ wà nírọ̀lẹ́ àná, Des?"

"Ilé. Èmi nìkan. Láti ìgbà tí Maureen ti lọ, èmi nìkan náà ni."

"Ìyàwó yín?"

"Òun ló fi ọ̀dà kọ Mẹ́sàn-án sára ẹ́ńjìnì náà. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ń wa Mẹ́sàn-án láyé àtijọ́, ìtàn rẹ̀ ni wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kó tó kú, ó ní kí n má sin òun sí itẹ́ òkú, kí wọ́n sun òun di eérú. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ dáná sí ẹ́ńjìnì náà, mo da eérú rẹ̀ sínú àrò, gbogbo wa ṣí fìlà. Àwa ará rélùwéè a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Inú àrò tí bàbá rẹ̀ àgbà ń da èédú sí ló lọ." Ó gbé ife tíì, kò mu ún. "Ìyẹn nìkan ló tọrọ lọ́wọ́ mi."

Nígbà tí Des jáde, Muriel padà sínú ṣẹ́ẹ̀dì. Ó gun orí ẹ́ńjìnì náà, orúnkún rẹ̀ ń ké, ó ti ọwọ́ àti orí bọ ẹnu àrò, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, èédú ti sọ apá aṣọ rẹ̀ di dúdú títí dé èjìká.

"Mà, ẹ ti mọ̀ ọ́n?" Colin bi í.

"Mo ti mọ̀ ọ́n. Ì bá sàn kí n má mọ̀ ọ́n. Lọ pè wọ́n wá."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró yí ẹ́ńjìnì náà ká. Òrùlé ṣẹ́ẹ̀dì ń jò. Bí Muriel ti ń sọ̀rọ̀, ó mú aṣọ ìnujú rẹ̀ tí òjò ti rin, ó sì nu ojú ibi tó ń dán lórí ọ̀pá irin náà, títí ọ́ìlì ibẹ̀ fi tán, tí omi sì kù síbẹ̀.

"Ìyẹ̀fun irin wà lẹ́yìn Wilfred," ló wí. "Kò lè débẹ̀ àfi bí Wilfred bá ti wà nísàlẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Nítorí náà, ẹnì kan dúró níbi tí mo dúró sí yìí, ó ń ha nọ́ńbà kúrò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń bẹ nínú kòtò. Ọ̀rọ̀ tó korò fún Des ni nọ́ńbà yẹn, a jẹ́ pé kì í ṣe Mẹ́sàn-án. Lionel kò ní ha á, ohun tó ti ń wá fún ọdún mẹ́tàlá ni. Ó ku ẹni méjì."

Audrey fẹ́ sọ̀rọ̀. Muriel gbé ọwọ́ sókè, kì í ṣe òun ló ń wò. Des ti yọ àkísà láti inú àpò rẹ̀. Ó ti fi kan ọ́ìlì nínú agolo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ó tẹ̀ ba, ó ń nu omi kúrò lórí irin náà, ó ń pa á lọ́ìlì, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é.

"Ẹ wo ọwọ́ yín, Des," Muriel wí jẹ́jẹ́.

Des wo ọwọ́ rẹ̀. Àkísà náà dúró.

"Ẹni tó kàn fẹ́ fi nǹkan pamọ́ á ha irin, á sì sá lọ. Irin tó wà níhòhò á dípẹtà kílẹ̀ tó mọ́, kí ló kàn án? Ẹni tó ha èyí kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó pa èèyàn, ó wá dúró tọ́jú irin."

Des jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ́ńjìnì náà. 

"Ó ní Mẹ́rìnlá ni. Ó fi hàn mí. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, Mà, ó ń rẹ́rìn-ín. Maureen wà nínú rẹ̀, Wilfred wá ń sọ fún mi pé inú ẹ́ńjìnì ẹlòmíràn ni mo da ìyàwó mi sí. Ó dì mí lápá mú, ó ní, 'Des, dúró, ó ku kan.' Mi ò dúró. Mo tì í. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tì í."

"Ẹ kò pe ẹnikẹ́ni."

"Kò mira. Mo rò pé bí nọ́ńbà yẹn bá ti kúrò, yóò dà bíi pé kò sọ ọ́ rí."

Muriel wò ó. Ó wù ú kó lọ sílé. Ó wù ú kó fi ọ̀rọ̀ tó kù sínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n Wilfred ti kú lórí ẹ̀, ó sì yẹ kí ẹnì kan bá a jẹ́ iṣẹ́ náà.

"Apá méjì ni Wilfred rí," ló wí. "Èyí tó dùn ló fi ń rẹ́rìn-ín. Lionel, nílé àtúnṣe láyé àtijọ́, ṣé wọ́n máa ń dúró kí wọ́n tún ìkòkò omi àti àrò ẹ́ńjìnì ṣe kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́?"

"Rárá o," Lionel dáhùn. "Èyí tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n á gbé lé e. Ti ọ̀kan á bọ́ sára..."  Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu.

Muriel fún Des ní tọ́ọ̀ṣì. "Ẹ ki orí bọ inú àrò, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn òrùka irin ẹnu rẹ̀, lápá òsì."

Des gòkè. Wọn kò rí ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Níbi tó ń wò yẹn, Wilfred ti ha èédú kúrò títí irin fi funfun, ó sì ti fi ẹfun yí nọ́ńbà kan ká. Mẹ́sàn-án ni. Ara ẹ́ńjìnì náà jẹ́ Mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n àrò tó gba eérú Maureen, àrò bàbá rẹ̀ àgbà ni.

Ó pẹ́ gan-an níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí Colin fúnra rẹ̀. Colin dè é, kò sì fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, Des yíjú padà. Àkísà náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Irin tí Wilfred fọ̀ nínú àrò yẹn wà níhòhò," ló wí. "Yóò dípẹtà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan."

Audrey wo àkísà náà, kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Lionel Frayne ló rìn lọ bá a tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rì í sínú ọ́ìlì, ó gun orí ẹ́ńjìnì, ó sì ki ọwọ́ bọ inú àrò.