Baba Ẹ̀fọn

Màmá fi bàtà gbá kòkòrò kan mọ́ ògiri, gbàú! Ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn tín-ín-rín já dà sílẹ̀.

"Baba ẹ̀fọn rèé! Òun ló ń jẹ àbúrò rẹ tí ibà fi dá a dùbúlẹ̀. Inú igbó ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwọ tó mọ̀wé, wò ó fún mi."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nílé, torí kò sí ẹni tó mọ̀ nípa kòkòrò tó o ní kíláàsì. Bó ṣe wò ó báyìí ló ti mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ ti kó wọn lọ sínú igbó yẹn gan-an, ó fi í hàn wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi jíjẹrà, níbi tí ewé ti ń rà mọ́ ilẹ̀ tútù tí kòkòrò náà ń yé ẹyin sí. Ó jọ ẹ̀fọn, ó tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n kì í jẹ ènìyàn.

Àmọ́ tó bá sọ bẹ́ẹ̀, Màmá á bi í pé níbo wá ni ẹ̀fọn ti ń wá. Dírọ́ọ̀mù omi ẹ̀yìn ilé ìdáná ńkọ́? Òun Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ní kó máa fọ ọ́, kó sì máa dé e. Fóònù àti ọ̀rẹ́ kò jẹ́ kó ráyè. Tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn, ti ń tàkìtì nínú rẹ̀.

"Ẹ̀fọn ni, mà," ó dáhùn.

Ha! Gbólóhùn kan péré.

Màmá bẹ àwọn agégi, wọ́n gé igbó náà kanlẹ̀. Kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tán, ibà kò tán. Ara àbúrò rẹ̀ tún gbóná, gìrì mú un, wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ yẹn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fọ dírọ́ọ̀mù, tẹkúntẹkún.

Ọmọ náà yè é. Ṣùgbọ́n wọ́n pè é títí, kò dáhùn. Dókítà ní ibà ti ba etí rẹ̀ jẹ́.

Nígbà tí wọ́n gbé e padà délé, Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó tì í, inú rẹ̀ korò bíi jogbo. "Àbúrò mi, irọ́ ni mo pa. Dírọ́ọ̀mù ni. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ ọ́ sókè. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ jù."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde, ó lọ bá Màmá nídìí máṣíìnì ìránṣọ, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Màmá kò lù ú, kò bú u.

"O mọ̀?" ló kàn ń wí. "O mọ̀, o sì dákẹ́?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ, ẹ tètè máa sọ ọ́, torí òtítọ́ tó bá pẹ́ kó tó dé, etí tó yẹ kó gbọ́ ọ lè ti di.