Fọ́tò Méjì fún Ọkọ̀ Tó Rì

"Mùjídàt, má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀pá yẹn mì! Tó bá mì báyìí, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni o."

Olúwaníyì ló ń sọ̀rọ̀. Ó dúró sínú omi tó mù ún dé àyà, ara rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì. Mùjídàt, ọmọ kíláàsì rẹ̀, jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n yá, ó di ọ̀pá ọparun mú. Ọwọ́ ń ro ó.

Ọkọ̀ apẹja kan ló rì sínú adágún yìí, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn méjèèjì fẹ́ yà á lọ́nà tí ẹni tó bá wò ó yóò fi rò pé òun lè nawọ́ mú un. Wọ́n á so fóònù inú ọ̀rá mọ́ ọ̀pá, wọ́n á ya fọ́tò kan, wọ́n á sún ọ̀pá sápá ọ̀tún díẹ̀, bí àlàfo ojú èèyàn méjèèjì ṣe tó, wọ́n á tún ya òmíràn. Tí wọ́n bá to méjèèjì sínú àpótí páálí tó ní awò méjì, ojú òsì á wo tòsì, ojú ọ̀tún á wo tọ̀tún, ọkọ̀ á sì yọ síta gedegbe.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Òjò ti po omi pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Sátidé wọlé, Sátidé jáde, èyí tó dára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n yà pàápàá ṣú bàìbàì. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbégbá orókè nínú ìdíje sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń bọ̀ ní Ọ̀yọ́ ni yóò lo ìsinmi gígùn ní yàrá ìwádìí yunifásítì tó wà ní àdúgbò Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Olúwaníyì kì í sọ̀rọ̀ méjì ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí òtútù dá Olúwaníyì dùbúlẹ̀, ó ku Mùjídàt nìkan. Ó rẹ̀ ẹ́ dé eegun. Ó rí fọ́tò ọkọ̀ igi kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó rì sínú omi ibòmíràn. Ó mọ́ roro, àmọ́ ẹyọ kan péré ni.

"Ta ló máa mọ̀?" ó bi ara rẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ẹ̀dà méjì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, ó sì pa tiwọn rẹ́ kúrò nínú fóònù kí àṣírí má baà tú. Kò tilẹ̀ fojú sí àpótí kó wò ó. Oorun ló wù ú.

Ní Ọ̀yọ́, nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí Ọjà Akẹ̀sán, Dókítà Ọládépò, ìyá àgbàlagbà tó jẹ́ adájọ́ ìdíje, gbé àpótí náà sójú. Ó gbé e kalẹ̀, ó nu awò, ó tún gbé e.

"Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi kàlẹ́ńdà. Ẹ̀yin ọmọ mi, fọ́tò kan náà lẹ lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ojú méjèèjì ń rí ohun kan náà, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ yín ò fi dìde."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Mùjídàt ò tiẹ̀ rìn jìnnà kí wọ́n tó gbá a mú.

"Fọ́tò méjì tẹ́ ẹ yà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ńkọ́?" adájọ́ bèèrè.

"Ó wà, mà!" Ikọ́ ò tíì fi Olúwaníyì sílẹ̀, kò sì mọ ohun tí Mùjídàt ṣe. "Ó ṣú díẹ̀ ni, àmọ́ ọkọ̀ yẹn ń yọ síta. Mùjídàt, gbé e fún wọn."

"Mo ti pa á rẹ́." Ojú ń tì í.

Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Èyí tó ṣú yẹn ni ǹ bá fún ní máàkì."

Mọ́tò gbé wọn padà dé Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ó rẹ èmi náà," Olúwaníyì sọ. "Ká ní o sọ fún mi pé ó ti sú ẹ, ǹ bá ní ká lọ sinmi."

Ó sọ̀ kalẹ̀, kò dúró dè é.

Mùjídàt sunkún délé. Ó ti wá yé e pé àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó rẹ̀ lè sinmi kó tún dìde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi èrú gé iṣẹ́ kúrú, làálàá ẹnìkejì rẹ̀ ló dà nù.